Olóògbé Tó Ti Mẹ́kà Dé

"Ta ló pa ìyá mi nínú yín?"

Ọkùnrin tó ń pariwo náà, Misbaudeen lorúkọ rẹ̀. Ó ti tẹ́ báńnà kan sílẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Jubril ní Bẹẹrẹ, ó sì fi bàtà tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i kà. Àwòrán ìyá àgbà kan ń rẹ́rìn-ín lórí rẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀rín yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà: A KÍ OLÓÒGBÉ ALÁJÀ SỌ̀FÍYÀT ÈJÌDÉ KÁÀBỌ̀ LÁTI MẸ́KÀ.

"Ẹnu ọ̀nà agboolé la gbé e kọ́ sí, ìkánjú ò jẹ́ ká kà á," Misbaudeen ní. "Ìyá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ka orúkọ ara wọn. Wọ́n wọlé. Wọn ò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí di báyìí."

Karimat gbójú sókè nídìí kọ̀ǹpútà. Òun ló ń fi kọ̀ǹpútà ṣètò iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù náà. Afeez ló ń tẹ̀ ẹ́ jáde lára ẹ̀rọ ńlá tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ọ̀sẹ̀ yìí ni ọ̀gá wọn so ojú kọ̀ǹpútà kejì mọ́ ti àkọ́kọ́, kí iṣẹ́ lè yá. Ó yá lóòótọ́. Láàárọ̀, báńnà Alájà wà lójú ọwọ́ òsì, ti àdúrà fídáù bàbá kan ní Òkè Àdó wà lójú ọwọ́ ọ̀tún. Àwọn ọmọ bàbá náà pè pé àwọn gbàgbé láti fi Olóògbé ṣáájú orúkọ rẹ̀. Karimat gbé máòsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, ó fi ìka yí táyà kékeré tó wà lórí rẹ̀, iṣẹ́ náà sì ń sún lọ títí ó fi kan orúkọ bàbá. Nígbà tó ti ń sún, ó gbà pé ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń dẹ etí sí. Ó tẹ Olóògbé, kò rí nǹkan kan. Ó bú bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà, ó fi máòsì tẹ ibẹ̀, ó tún ọ̀rọ̀ náà tẹ̀, ó sì hàn. Kò wo ọwọ́ òsì. Ibi tí máòsì bá wà ni táyà ń yí, ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn bá tẹ̀ kẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ ń bọ́ sí. Olóògbé àkọ́kọ́ ti lọ jókòó níwájú orúkọ ìyá tó wà láàyè.

Ó yíjú sí ọwọ́ òsì báyìí, ó rí i níbẹ̀. Ọ̀gá Jubril ti ń dìde lórí àga, ó ń bọ̀ wá wò ó. Kí Karimat tó ronú, ìka rẹ̀ ti pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́.

"Ti ibí mọ́," ọ̀gá ní. "Afeez! Ìwọ lo tún da iṣẹ́ méjì pọ̀. O gbé ọ̀rọ̀ òkú lé alààyè lórí!"

Afeez yọjú, yíǹkì pọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ó tẹ àwòrán ìyàwó kan ní ìdoríkodò. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tó bá ti bàjẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, tirẹ̀ ni.

"Bóyá èmi ni, sà," ó ní. "Ẹ má bínú."

Kò tilẹ̀ jiyàn. Karimat kọjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà.

"Bí ìyá yẹn ò bá foríjì ọ́, má padà síbí lọ́la. Karimat, tẹ̀lé e. Ìwọ lo mọ ẹ̀bẹ̀ẹ́ bẹ̀."

Wọ́n tẹ òmíràn, wọ́n ká a, wọ́n sì gba Ọjà'ba lọ sí agboolé Alájà ní Bẹyẹrúnká. Afeez ló gbé e léjìká. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí. Karimat ká ìka tirẹ̀ mọ́ inú híjáàbù.

Alájà jókòó lórí ẹní ìrun, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Afeez dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Èmi ni mo ṣe é, ìyá. Ẹ foríjì mí."

Karimat kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó fi Ọlọ́run bẹ̀ wọ́n, ó fi Ànábì bẹ̀ wọ́n. Ojú tì í bí ẹ̀bẹ̀ náà ṣe dùn lẹ́nu rẹ̀ tó.

"Láàárín èrò lọ́hùn-ún," Alájà ní, "mo bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ n délé kí n tó kú. Mo wá délé, mo bá òkú mi lẹ́nu ọ̀nà." Ẹ̀rín díẹ̀ bọ́ lẹ́nu wọn. "Ẹni tí wọ́n pè lókùú tí ò kú, á pẹ́ láyé ni. Dìde, ọmọ mi. Ọlọ́run á foríjì ọ́..."

"Àmín!"

Karimat ni. Ó ti ké e kí Afeez tó la ẹnu.

Alájà yíjú sí i. "Háà! Ṣé ìwọ ni mo ń ṣe é fún ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, Afeez náà rẹ́rìn-ín. Karimat wo ẹní.

Wọ́n fún wọn ní omi sámúsámù tí Alájà gbé ti Mẹ́kà bọ̀ mu, wọ́n bu èso dàbínù fún wọn. Nígbà tí wọ́n jáde, báńnà tuntun ti wà lókè, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ. Afeez ju dàbínù kan sẹ́nu.

"O ṣeun, Karimat," ó ní. "Bí kì í bá ṣe ẹnu rẹ ni, wọn ì bá ti lé mi lónìí."

Karimat di dàbínù tirẹ̀ mọ́wọ́. Ó ti bẹ̀bẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọ̀dọ̀ Alájà ni gbogbo ẹ̀bẹ̀ náà lọ. Afeez wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn, Karimat kò sì yíjú wò ó rárá.

Afeez ti ṣíwájú, ó ń fò fẹ̀rẹ̀.

"Afeez," ó ní. "Dúró ná. Wò mí lójú. Ìwọ ló kù tí n ó bẹ̀."