Abẹ́rẹ́ Ojú Ehoro

Ó ti rẹ obìnrin kan tó ń ṣèwádìí àrùn ojú tẹnutẹnu kó tó ti yàrá àyẹ̀wò délé. Láti àárọ̀ ló ti ń di ehoro létí mú, tó ń tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lójú. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun tí wọ́n ń dán wò, kòkòrò àrùn tí wọ́n kán sí wọn lójú kò rí wọn gbé ṣe. Ẹyinjú àwọn yòókù ti funfun bí ẹfun.

Nílé, ìyá rẹ̀ ní ojú tí irú kòkòrò yẹn ti bà jẹ́ tún ń ta òun. Ó fa tọ́ọ̀ṣì yọ, láìmọ̀, ó di ìyá rẹ̀ létí mú.

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé mo ti di ehoro ni?"

"Ìbá kúkú rí bẹ́ẹ̀, Màmá. Ehoro lásánlàsàn ti rí abẹ́rẹ́ gbà. Èèyàn ò tíì rí i."