Orúkọ Tí Àjọkẹ́ Gbọ́

"Orúkọ inú ìwé báńkì nìyẹn," Àwáwù wí, láìgbé ohùn sókè. "Ta ní ń pe ọmọ mi ní Ìyáàfin Mákindé?"

Dókítà Mọ́ládé gbójú kúrò lára ẹ̀rọ tí ó gbé wá láti Ìbàdàn. Fìlà tí wáyà ṣù lára rẹ̀ bí irun àgbàdo wà lórí aláìsàn náà, ẹni tí ọ̀kadà kọlù lójú ọ̀nà Tẹ̀dé ní oṣù méjì sẹ́yìn, tí kò sì lajú láti ìgbà náà. Ẹ̀rọ ń pe oríṣiríṣi orúkọ sí i létí. Bí ọpọlọ rẹ̀ bá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ìlà ojú ẹ̀rọ yóò dìde. Ìlà tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Orúkọ tí ọkọ wọn kọ sílẹ̀ ni mo lò, màmá."

"Ó ti parí," Mákindé, ọkọ, wí láti ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá ilé ìwòsàn, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti gbà fún un pé bí ẹ̀rọ kò bá rí nǹkan, kí wọ́n yọ rọ́bà tí oúnjẹ ń gbà wọ inú rẹ̀. Gbogbo Ṣakí ni ó sì mọ̀ pé ìyàwó mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn Iléyá.

"Àna mi," Àwáwù wí, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ oríkì rẹ̀ fún dókítà."

Mákindé wo àjà. Ọdún mẹ́rìnlá tí ó ti fẹ́ ẹ! "Ìyàwó... Ìyàwó náà ni mo ń pè é."

Àwáwù sún mọ́ ẹ̀rọ tí ń gba ohùn. "Àjọkẹ́," ó wí, bí ó ti máa ń pè é láti àárín ebè iṣu. Dókítà fi ohùn náà sáàárín àwọn orúkọ yòókù, ẹ̀rọ sì pè é lọ́gọ́ta ìgbà. Nígbà tí dókítà pa ìdáhùn ọgọ́ta náà pọ̀, ìlà dìde ṣánṣán bí àpáta.

"Wọ́n gbọ́!" Dókítà tẹ ìlà náà sórí bébà.

"Iná ìjọba ló ń ṣeré," Mákindé rẹ́rìn-ín. "Ta ló ni ìyàwó?"

Ọ̀gá ka bébà náà, ó sì dá a padà sọ́wọ́ Àwáwù. Ọkọ ló láṣẹ, ó ní. Mákindé lọ dúró ti bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí wọ́n yọ rọ́bà náà. Wọ́n yọ ọ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n sin Àjọkẹ́.

"A dúpẹ́ pé kò gbọ́ nǹkan kan," Mákindé ń sọ fún àwọn tí ó wá kí i.

Àwáwù tú etí gèlè, ó na bébà náà sí i. Kò pè é ní àna mọ́.

"Mákindé, nígbà tí o ń ní kí wọ́n yọ oúnjẹ ọmọ mi, níbo lo dúró?"

Nọ́ọ̀sì kan tí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ó dáhùn, ó wolẹ̀.

"Lẹ́bàá etí wọn ni, màmá."