Ìwé Keje Tó Rù

Òfin kan ṣoṣo ló wà láàárín adìwé kan, tó ń fi òwú rán ìwé, tó ń fi èèpo bò ó, àti ìyàwó rẹ̀ télọ̀: ẹnì kan kò gbọdọ̀ ṣáájú ẹnì kejì nínú kíka àwọn ìwé ìtàn Ọmọ Aṣọ́nà. Bí wọ́n bá jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, ìyàwó á kàwé sókè, ọkọ á máa gbọ́. Bí ọ̀fun bá gbẹ, wọ́n á pa ìwé dé, àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra ni wọ́n ti ń bá a bọ̀. Òǹkọ̀wé ìtàn náà kò yára rárá. Kí ó tó kọ ìwé mẹ́fà tán, wọ́n ti ṣègbéyàwó, wọ́n ti bímọ, àwọn ọmọ náà sì ti kó lọ sílé tiwọn.

Nígbà tí ìwé keje, àṣekágbá, dé, adìwé ṣe é bó ṣe máa ń ṣe gbogbo ìwé tuntun. Kò gbà pé ilé ìtẹ̀wé kankan mọ ìwé rán. Ó kọ́kọ́ fi ìwé náà wọn èèpo líle tí yóò fi bò ó, ó gé e kalẹ̀. Ó wá tú ìwé náà palẹ̀, ó to àwọn ìdì ojú ìwé sórí tábìlì kí ó lè fi òwú tó yi rán ìdì kan mọ́ èkejì. Ibẹ̀ lojú rẹ̀ ti bọ́ sórí ìdì ìkẹyìn. Ó ní ìlà kan péré lòun fẹ́ wò. Irọ́ ni. Kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti fa àga, ó ti jókòó.

Ohun tó kà bí i nínú. Ọmọ Aṣọ́nà, tó fi odindi ìwé mẹ́fà gun ejò abìyẹ́ kiri nítorí ìtẹ́ ọba, gba ìtẹ́ tán, ó là á wẹ́wẹ́, ó fi dáná fún àwọn tí òtútù ń pa! Ejò abìyẹ́ fò lọ, kò padà wá mọ́. Ọ̀dàlẹ̀ tó yẹ kó kú sẹ́wọ̀n, oko ló lọ ń dá ní tirẹ̀.

"Ìwé méje!" Adìwé pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo. "Ká fi ìwé méje wá àga, ká wá sọ àga di igi ìdáná!"

Bẹ́ẹ̀, ibi tí ejò náà ti fi imú kan àtẹ́lẹwọ́ ọmọ yẹn kí ó tó fò, ó kà á, ó tún un kà, títí omi ojú rẹ̀ fi kán sórí ìwé. Ó ń bú òǹkọ̀wé, ó ń nu ojú.

Ṣé irú èyí ni yóò gbé ka iwájú ìyàwó rẹ̀, ẹni tó fẹ́ràn ejò yẹn ju àwọn àna rẹ̀ lọ? Ó yọ ìdì ìkẹyìn, ó tì í sábẹ́ irin tó fi ń tẹ ìwé, ó rán ìyókù, ó fi èèpo tó ti gé bò ó. Ìwé wá parí síbi tí Ọmọ Aṣọ́nà ti wọ ààfin, tí ìlú ń hó yèè.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n kà á débẹ̀, adìwé ti pàtẹ́wọ́ kí ìyàwó tó mí.

"Ó parí! Ìparí tó dáa nìyẹn! Ìlú tòrò!"

Ìyàwó kò pàtẹ́wọ́. Ó fi àtàńpàkò tẹ ẹ̀yìn ìwé, ó tún un tẹ̀. Ìgbà tí inú bá ń bí obìnrin yìí gan-an ni ọ̀wọ̀ máa ń pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin lẹ wọn èèpo yìí?"

"Èmi ni."

"Ó ṣò lára ìwé. Tí aṣọ tí mo rán bá ṣò báyìí lára oníbàárà, á jẹ́ pé oníbàárà ló rù lẹ́yìn tí mo wọ̀n ọ́n. Kí ló ṣe ìwé wa tó fi rù?"

"Bóyá atẹ́gùn..."

"Atẹ́gùn ló jẹ ẹ́. Ẹ bá mi kí atẹ́gùn, sà."

Adìwé dìde, ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ, ó gbé ìdì ìkẹyìn wá, kò lè wo ojú ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó gbà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tó dé ibi imú ejò, ó rí àmì omi ojú lára ìwé, ó gbé e lé itan. Ọkọ bá a ka ìyókù láìwo ìwé, nítorí ó ti há a sórí.



"Ó burú," ni ìyàwó wí.

"Mo mọ̀! Ìdí tí mo fi..."

"Kò tún burú. Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ dá a kà? Ẹ fi mí sílẹ̀ síbí kí n máa kà á bí òmùgọ̀, ẹ lọ ń dá sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù!"

"Ẹ̀rù ló bà mí," ni adìwé sọ. "Ìwé kẹjọ ò sí. Tí èyí bá ti parí, kí la ó máa sọ nírọ̀lẹ́?"

Ìyàwó fa àpótí abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún un, torí ojú ọkọ kò ríhò abẹ́rẹ́ dáadáa mọ́.

"Rán an mọ́ ọn," ni ó wí. Ọ̀wọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. "Bó o ṣe ń rán an, sọ fún mi ìdí tí ò fi yẹ kó fi ìtẹ́ dáná, torí èmi rò pé ó yẹ."

"Ó yẹ kẹ̀? Ìwé méje!"

"Òtútù ń pa wọ́n!"

Ó ń rán an lọ, wọ́n ń jà lọ.