Ìdin Inú Ìtàn Kẹta

Ìwọ tó ń ka èyí, bí oúnjẹ bá wà lẹ́nu rẹ, jọ̀ọ́, gbé e mì ná. Má sọ pé n kò kìlọ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba èmi tí mò ń kọ ọ́ gan-an.

"Ẹ má sùn mọ́, Màmá. Ti ọmọ yín ló kàn," ni onífíìmù wí.

Màmá náà, alágbàfọ̀ ni, ta jí, ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Ìtàn adẹ́rùbani márùn-ún ni wọ́n rán pọ̀ di fíìmù kan, olúkúlùkù àti ẹni tó ṣe é. Àbíkẹ́yìn alágbàfọ̀, obìnrin, ló ṣe ìkẹta, ìtàn àìsàn tó pa bàbá rẹ̀. Bí ìyá kò bá fọwọ́ sí ìwé àṣẹ tó wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, wọn yóò yọ ọ́ kúrò.

Ti àkọ́kọ́ ti pa òun, ọmọ rẹ̀ àti onífíìmù lẹ́rìn-ín: orí tí wọ́n bẹ́ sílẹ̀ ń ṣẹ́jú. Nínú ìkejì, ilẹ̀kùn kan ń ṣí, ó ń ṣí, títí oorun fi gbé alágbàfọ̀ lọ.

Ìkẹta bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan dùbúlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹrà. Ìyàwó rẹ̀ fi àkísà tó rẹ sínú omi iyọ̀ nu egbò náà, ó ń fẹ́ ẹ lẹ́nu kó má baà ta á. Alágbàfọ̀ mọ ọwọ́ yẹn. Òṣèré ló ń ṣe é, àmọ́ ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni. Obìnrin náà sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó bì, ó nu ẹnu, ó padà wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Àfi bí ìdin ṣe ń yọ jáde nínú egbò, funfun, wọ́n ń gun ara wọn.

Alágbàfọ̀ fò dìde. "Ẹ pa á! Ẹ pa nǹkan ẹlẹ́gbin yìí!"

Onífíìmù pa á, inú rẹ̀ ń dùn. "Ẹ ò rí i? Òun nìkan ló ta yọ nínú márààrún. Ìyókù, ìyàngbò ni. Ta ló máa jáde nílé torí orí tó ń ṣẹ́jú?"

Ìyá kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìdin ò sí lára bàbá ẹ rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni mo ń nù ún. Níbo lo ti rí ìdin?"

"Ọwọ́ àwọn tó ń fi í sẹ́nu ìwọ̀ pẹja ni mo ti rà á, Màámi."

"O tún rà á!"

"Láìsí ìdin, ẹ̀rù ò ní bà wọ́n."

"Ṣebí ẹ̀rù bà mí nígbà yẹn láìsí ìdin." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ yọ ìdin náà. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, màá fọwọ́ sí i."

Onífíìmù họ orí. "Á wá dà bíi ti àwọn yòókù nìyẹn, Màmá."

"Kó dà bíi tiwọn."

Ọmọ rẹ̀ ò lè wò ó lójú. "Ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ńkọ́, Màámi? Mo rí yín nígbà yẹn. Ṣé ká yọ òun náà ni?"

Alágbàfọ̀ wo ìwé náà. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí ọṣẹ ti bó.

"Mo ti sọ tèmi: ìdin nìkan ni," ó wí. "Ẹ má bi mí ní nǹkan kan mọ́."