Ohun Tó Fò Nínú Ìwé

Kò sí ẹni tí òṣìṣẹ́ ìlera náà ń bẹ̀rù. Gbohùngbohùn làwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń pè é, torí tó bá ti dúró sí òpópónà wọn tó ń sọ̀rọ̀ mẹ́kúrì, omi dídán tí wọ́n fi ń fa wúrà jáde nínú iyẹ̀pẹ̀, tí wọ́n á wá sun kúrò lára wúrà náà, ẹnu ẹnikẹ́ni kì í ká a.

"Èéfín ẹ̀ ń ba ọpọlọ jẹ́," á ní. "Ẹ má sun ún níbi téèyàn ń gbà kọjá mọ́."

"Àǹtí, ṣé ká wá lọ sun ún lọ́run ni?"

"Ẹ má ṣèyọnu. Bẹ́ ẹ ṣe ń fà á símú yẹn, ẹ ò ní pẹ́ débẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, alágbẹ̀dẹ wúrà tó rán an níléèwé, ló rẹ́rìn-ín jù.

Lẹ́yìn ọdún kan, ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà ránṣẹ́ pè é. "Ọkọ mi, ẹ wá wo ọmọ yín."

Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ náà ń de bọ́tìnnì aṣọ iléèwé. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá ranjú mọ́ bọ́tìnnì náà bí ẹni pé ó ṣẹ̀ ẹ́.

Òṣìṣẹ́ ìlera wọ ilé ìdáná lọ bu omi. Àkísà ló dí gbogbo ojú fèrèsé. Páànù tí wọ́n fi ń sun wúrà wà lórí sítóòfù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò oúnjẹ.

Ó lé gbogbo wọn, tẹ̀gbọ́n tìyàwó tọmọ, síta, ẹsẹ̀ lásán. "Ta ló ń sun mẹ́kúrì nínú ilé?"

"Èmi ni," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fèsì, ojú ò tì í. "Ṣebí ìwọ lo ní ká má sun ún níbi téèyàn ń gbà kọjá? Àwọn yòókù kọ etí dídi sí ọ. Mo ní wọn ò ní fi àbúrò mi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú mi. Mo gbé tèmi wálé, mo dí fèrèsé, kí èéfín má bàa dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò."

Ìlà méjì ló wà nínú ìwé tí wọ́n fún òṣìṣẹ́ ìlera náà níbi iṣẹ́. Ìkejì ni: ẹ má sun ún nínú ilé. Ó máa ń fò ó tó bá ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ó rò pé ọmọdé pàápàá mọ ìyẹn.

"Ọkọ mi," ìyàwó bi í, ó ti gbé ọmọ náà pọ̀n, "ṣé ọwọ́ ẹ̀ á padà bọ̀ sípò?"

"Ká máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà."

"Ẹ dá mi lóhùn."

"Mi ò mọ̀."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ọmọ, ó wo ilé ìdáná, ó wá wo àbúrò rẹ̀. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Àbúrò, kí ni mo ṣe?"

Àbúrò rẹ̀ kúnlẹ̀ sínú iyanrìn níwájú rẹ̀. "Ẹ ò ṣe nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí mo sọ náà lẹ ṣe."