Kámẹ́rà Tí Kò Dún

Èjìká ọ̀tún ló kọ́kọ́ fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe obìnrin náà fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín dáadáa.

Ìyá Má-Mí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, ayàwòrán tó ti ń ya èèyàn láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri. Orúkọ yẹn kì í ṣe èébú, iṣẹ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá fẹ́ ya èèyàn, á gbé kámẹ́rà ńlá rẹ̀ sójú, á ní, "Ẹ má mí!" Onítọ̀hún á di èémí mú, á le gbagidi bí ọ̀pá. Kámẹ́rà á wá dún: kàṣà! Dígí kan ló wà nínú rẹ̀ tó máa ń fò sókè tó sì máa ń já wálẹ̀, òun ló ń pa ariwo yẹn. Bí èèyàn bá ti gbọ́ kàṣà báyìí, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pé ó ti parí. Á mí kanlẹ̀, èjìká á rọ̀, ojú á tú ká, ẹ̀rín díẹ̀ á yọ létí ẹnu. Ibẹ̀ gan-an ni Ìyá Má-Mí ti ń dúró dè é. Á tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Fọ́tò kejì yẹn ló máa ń kó fún oníbàárà. Ti àkọ́kọ́, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Bó ṣe ń ṣe é láti ayé fíìmù nìyẹn, bó ṣe ń ṣe é náà nìyẹn láti ọdún mẹ́rìnlá tó ti ra kámẹ́rà ńlá yìí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn èèyàn kàn ń wí pé, "Fọ́tò obìnrin yìí, ó ń jọ èèyàn ju bí èèyàn ṣe jọ ara ẹ̀ lọ."

Ìgbà tó wá gun àpótí láti fa aṣọ fèrèsé so, àpótí yẹ̀, ó sì fi èjìká ọ̀tún ṣubú lulẹ̀. Dókítà ní egungun ti jinná, àmọ́ iṣan ò ní padà sí bó ṣe wà. Kò gbọ́dọ̀ gbé ohun tó bá wúwo sókè mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń tún fíríìjì ṣe, wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú páálí kékeré kan lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ wò ó. Kámẹ́rà rèé, tuntun ni. Àpò ẹ̀wù yín gan-an á gbà á."

"Kí n máa fi ṣe kí ni?"

"Kẹ́ ẹ máa fi ya àwọn ọmọ-ọmọ yín. Ẹ wá jókòó sílé, kẹ́ ẹ máa sinmi. Mo ti rí ẹni tó máa gba ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin kan tó ń ṣe irun ni, ó ní bí oṣù yìí bá ti parí, òun á kó àga òun wọlé."

Ìyá Má-Mí bọ́ awò ojú rẹ̀ kúrò. "Ìwọ ọkọ mi yìí, o ti wá ẹni tó máa jókòó sórí àga mi nígbà tí ìdí mi ṣì wà lórí ẹ̀?"

"Màmá, ẹ ò lè gbé ife tíì sẹ́nu mọ́ láì ké."

"Tíì yẹn ló gbóná."

Ọmọ ò rẹ́rìn-ín. Ìyá náà ò rẹ́rìn-ín. Ó wá sọ fún un pé ilé ìwòsàn ńlá ti pe òun. Wọ́n fẹ́ kí wọ́n ya gbogbo òṣìṣẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nídìí iṣẹ́, kí wọ́n gbé fọ́tò wọn kọ́ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tí àwọn aláìsàn máa ń gbà kọjá. Èèyàn méjìléláàádọ́fà ni. Kò gbọ́dọ̀ tan iná kámẹ́rà, nítorí ojú àwọn aláìsàn. Igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé ò sì lè rí ẹsẹ̀ nà sí láàárín bẹ́ẹ̀dì àti bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ ni wọ́n máa fi gbé kámẹ́rà. Olórí nọ́ọ̀sì ti ní òun á kọ́kọ́ wo mẹ́wàá lọ́jọ́bọ̀, kó tó di aago méjì tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń pààrọ̀ ara wọn. Bí kò bá wu òun, wọ́n á pe ẹlòmíì.

"Gbọ́ mi," ni ìyá wí. "Bó bá kọ mẹ́wàá yẹn, èmi fúnra mi ni màá fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé ẹ lọ́wọ́. Bó bá gbà á, o ò ní dárúkọ onírun yẹn létí mi mọ́ láéláé."

"Mo ti gbọ́."

"Mi ò bi ẹ́ bóyá o gbọ́. Ṣé ó dáa àbí kò dáa?"

"Ó dáa, Màmá."

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Má-Mí gbé kámẹ́rà méjèèjì kalẹ̀ sórí tábìlì bí ẹni fẹ́ dájọ́ fún tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Ti ńlá wúwo bí bíríkì. Rọ́bà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ṣí, téèpù dúdú ló fi dì í. Ti kékeré ò ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ, ẹnu rẹ̀ sì máa ń yọ jáde bí orí ìjàpá bí wọ́n bá tan án. Ti ńlá, ihò kan ni èèyàn ń yọjú wò, ohun tí ojú sì rí níbẹ̀ ni ọwọ́ máa mú lójú ẹsẹ̀. Ti kékeré ò ní ihò. Gíláàsì kan tó ń fi àwòrán hàn wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ṣeé gbé sókè, tó fi jẹ́ pé èèyàn lè gbé e sí igbá àyà kó máa wò ó láti òkè. Bátìrì ti ńlá, bó bá jẹun lọ́jọ́ Àìkú, ó di Àìkú mìíràn. Ti kékeré, bí gíláàsì rẹ̀ bá ti wà ní títàn fún wákàtí mẹ́ta, ó ti ń ṣẹ́jú pupa nìyẹn.

Ó fi méjèèjì ya ẹ̀wù iṣẹ́ tó fi kọ́ sí kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn, ó sì tẹ̀ wọ́n sórí pépà. Ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, kò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ó wá tẹ̀ wọ́n fẹ̀ bí abọ́ ńlá. Fọ́nrán òwú aṣọ ṣeé kà nínú ti ńlá, àmọ́ àmì wínníwínní pupa àti aláwọ̀ ewé ti kún ibi òkùnkùn rẹ̀. Òkùnkùn ti kékeré mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n etí aṣọ náà ti rọ̀ jù, bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ láfọ̀jù. Ká sọ tòótọ́, inú rẹ̀ ì bá dùn ká ní kékeré náà ṣẹ̀ ẹ́ lẹ́ṣẹ̀ kan. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún ò pọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó bí i nínú ni ohùn rẹ̀, "tíín" bíńtín kan báyìí bí ẹ̀fọn. Ó wá inú rẹ̀ títí ó fi rí ibi tí wọ́n ti ń pa ohùn náà, ó pa á. Ó ní ìyẹn gan-an ló dára fún ilé ìwòsàn.

Ó wá gbé ti ńlá sójú. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Nígbà tó di ẹ̀kẹrin, apá rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé, fọ́tò náà sì yí pọ̀ ṣàkàṣàkà. Ó gbé e kalẹ̀, ó nù ún, ó sì dá a padà sínú àpò rẹ̀. Kò bá a bínú. Kékeré ló máa lọ.

Lọ́jọ́bọ̀, ọmọ rẹ̀ fi ọkọ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn, ó sì dúró dè é níta. Bàbá Yàgò ló kọ́kọ́ kàn, ọkùnrin tó ń ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn láti yàrá dé yàrá. "Ẹ yàgò! Ẹ yàgò!" ló máa ń pariwo ní gbogbo kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun ni wọ́n ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Oníbàárà àtijọ́ ni. Ìyá Má-Mí ló ya òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ márààrún.

"Ẹ má mí!"

Bàbá Yàgò di èémí mú, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Ìyá tẹ kámẹ́rà. Ó tún un tẹ̀. Ó tẹ orí ba, ó ń wo gíláàsì. Ìgbà tó gbójú sókè, ojú Bàbá Yàgò ti ràn, iṣan ọrùn rẹ̀ ti yọ síta.

"Bàbá, kí ló dé?"

Ó tú èémí jáde bí táyà tó bẹ́. "Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Ẹ ò tíì yà á?"

"Mo ti yà á tipẹ́."

"Nígbà wo? Mi ò gbọ́ nǹkan kan!"

Àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí tí aláìsàn kan fi ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sùn. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, kò fura. Ó ya mẹ́sàn-án yòókù bákan náà, ó sì gbé wọn lọ síwájú olórí nọ́ọ̀sì, obìnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀ méjì.

Olórí nọ́ọ̀sì wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀. "Màmá, ẹ má bínú sí mi. Gbogbo wọn ló dà bí ẹni tó ń dúró de abẹ́rẹ́. Ẹ wo nọ́ọ̀sì mi yìí, láti àárọ̀ ló ti ń rẹ́rìn-ín kiri, ẹ wo bó ṣe di ẹnu pọ̀ bí àpò tí wọ́n fi okùn dì. Aláìsàn ò lè máa kọjá níwájú irú ojú yìí."

"Aago mélòó ló lù?"

"Mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú."

"Aago méjì lẹ dá fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ mi."

Ó jáde, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò pẹ́, ọmọ rẹ̀ wọlé pẹ̀lú àpò kámẹ́rà ńlá léjìká. Láti ìta ló ti ń wo ojú ìyá rẹ̀ gba inú gíláàsì ilẹ̀kùn.

"Mo gbé àgbà wọn dání, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n bá yín yà á."

"Ta ni wọ́n pè síbí, èmi àbí ìwọ? Gbé e wá."

Ó gbé e sójú, ó dojú rẹ̀ kọ ọmọ rẹ̀. "Má mí." Kàṣà! Ó tún un tẹ̀. Ìrora gún un láti èjìká dé ìgbọ̀nwọ́, kámẹ́rà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Okùn tó wà lọ́rùn rẹ̀ ló gbà á là.

"Màmá!"

"Dákẹ́." Ó ti ń wo fọ́tò méjèèjì. Nínú ti àkọ́kọ́, ọmọ rẹ̀ le bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. Nínú èkejì, orí ti gé dànù lápá kan, ṣùgbọ́n ojú náà ti rọ̀, ojú ọmọ òun gan-an ni. Ó ń wò wọ́n síwá sẹ́yìn. "Ọkọ mi, kàṣà yẹn ń sọ̀rọ̀. 'Ó ti tán' ló ń wí fún wọn. Èmi ni mo pa kékeré lẹ́nu mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ó ti tán."

"Ẹ jẹ́ ká dá ohùn ẹ̀ padà nígbà náà."

Wọ́n dá a padà. Ọkùnrin kan tó ń nu ilẹ̀ ń kọjá, ìyá bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró, ó ní kó má mí, ó sì tẹ̀ ẹ́. Tíín! Ọkùnrin náà fọwọ́ kan àpò rẹ̀, ó wẹ̀yìn. "Fóònù ta ló ń dún?"

Ìyá tún pa ohùn náà. "Ẹnu mi ló kù," ló wí, ó sì dìde.

Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ Bàbá Yàgò, ìyẹn sá sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì. "Rárá o. Ìyàwó mi ò tíì mọ̀ pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ yìí."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré, Bàbá. Ẹ má mí."

Bàbá di èémí mú. Ìyá fi ìgbọ̀nwọ́ ti ẹ̀gbẹ́, kámẹ́rà kékeré wà ní igbá àyà rẹ̀, kò wúwo, apá ò gbọ̀n. Kò tẹ nǹkan kan. Ó kàn gbójú sókè, ó tú ojú ara rẹ̀ ká, ó sì rẹ́rìn-ín sí i. "Ó ti tán, Bàbá. Ẹ ṣeun."

"Háà!" Bàbá Yàgò mí kanlẹ̀, èjìká rẹ̀ rọ̀. "Tẹ̀ẹ̀kan yìí tiẹ̀ yá..." Ibẹ̀ ló ti tẹ̀ ẹ́. Bàbá ò mọ̀. "Kí n máa lọ?"

"Ẹ máa lọ, Bàbá."

Ó wo gíláàsì. Bàbá Yàgò ló wà níbẹ̀, tòun ti àárẹ̀ rẹ̀ àti yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Gbogbo ọdún tí ìyá náà fi ń yọjú wo inú ihò, àpótí dúdú ni àwọn oníbàárà ń rí, wọn ò rí ojú rẹ̀ rí nígbà tó ń yà wọ́n. Báyìí wọ́n ń rí i. Bí ojú tirẹ̀ bá ti rọ̀, tiwọn náà á rọ̀.

Ó padà sọ́dọ̀ àwọn mẹ́sàn-án yòókù níkọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ń to oògùn, ó dúró dè é. Ọ̀kan ń gbé aláìsàn jókòó, ó bá a di ìrọ̀rí mú ná. Nígbà tó fi máa kan obìnrin tó ń tọ́jú àwọn ọmọ tuntun, aago kan ààbọ̀ ti kọjá, bátìrì sì ti ń ṣẹ́jú. Yàrá náà ṣókùnkùn, ọmọ kan sùn sí obìnrin náà láyà.

"Ẹ má mí," ni ìyá sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó dákẹ́. "Ó ti tán."

Obìnrin náà mí, ó wolẹ̀ wo ọmọ tó wà láyà rẹ̀. Ìyá tẹ̀ ẹ́. Kò dúró wo gíláàsì, kí bátìrì má bàa kú.

Olórí nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló fa okùn iná wá fún kámẹ́rà lọ́fíìsì rẹ̀. Ó wo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ó padà sẹ́yìn, ó tún wo obìnrin tó ń tọ́jú àwọn ọmọ tuntun yẹn, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Mi ò mọ̀ pé bó ṣe máa ń wò wọ́n nìyí," ló wí níkẹyìn. "Ẹ máa bá a lọ lọ́la, aago méje."

"Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ laago méjì ńkọ́? Mo ti wà níbí."

Olórí nọ́ọ̀sì wo èjìká rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀. "Ó wù yín bẹ́ẹ̀?"

"Èèyàn méjìlélọ́gọ́rùn-ún ló kù."

Fóònù ọmọ rẹ̀ dún lẹ́nu ọ̀nà. Onírun ni. Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ìyá náà ń wò ó.

"Ẹ kú ọ̀sán, ma," ló wí sínú fóònù. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ò sí nílẹ̀ mọ́. Rárá, kò sẹ́ni tó gbà á mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹni tó ni ín ló wà lẹ́nu iṣẹ́." Ó pa fóònù, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lápò. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n sáré lọ ra bátìrì mìíràn wá fún un."

"Ra méjì," ni ìyá wí, ó sì ń lọ bá ẹni tó kàn.