Ohùn Tí Kò Lẹ́nu

Nígbà tí ohùn àìrí ń pe Àjàmú kiri Dùgbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, dókítà fún un lóògùn, ó sì kìlọ̀ fún un: "Bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ, tí o ò rí ẹnu tó pè é, má jẹ́ o."

Zùwáírátù ìyá rẹ̀ ní, "Ohun tí ìyá tèmi náà kọ́ mi nìyẹn. Àṣé ìwé wọn mọ̀ ọ́n!"

Ogun dé, Àjàmú ní ṣọ́jà lòun ń lọ ṣe. Ó fi àìsàn náà pamọ́, wọ́n sì gbà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọn yóò kó wọn lọ, ọyẹ́ bo Ring Road títí ilé àti ènìyàn fi dà bí ohun ojú àlá. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí àwọn ṣọ́jà gbé kọ́ orí igi ń pe orúkọ. Ẹni tó bá dáhùn á rìn wọnú kùrukùru lọ bá ọkọ̀.

"Àjàmú Bùsàrí!"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo orí igi. Kò rí ẹnu kankan. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò jẹ́, títí ọkọ̀ fi lọ.

Ijó ló jó wọlé. "Ìyá mi, ara mi ti yá! Ohùn yẹn tún pè mí títí, mi ò jẹ́."

Zùwáírátù mọ ẹni tó pe ọmọ òun. Ó dì mọ́ ọn.

"O ṣeun, ọmọ mi. Bó bá tún pè ọ́, má jẹ́."